Pọ́n-ùn 96 ni mo san, ọ̀fẹ́ ni mo rí ohun tí mo wá wò

Kí inú tó ń bí mi tó rọ̀ tán ni mo fẹ́ kọ èyí. Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú ni. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni bọ́ọ̀sì ti gbé wa ní Nottingham wá sí pápá bàálù àtijọ́ kan ní Lincolnshire. Bàbá ìyàwó mi na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé, wọ́n bi ọmọbìnrin tó ń mú wa káàkiri pé, "Ọmọ mi, ìgbà wo la máa dé orí ọ̀rọ̀ àwọn pápá bàálù?" Ọmọbìnrin náà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Sà, inú pápá bàálù náà la wà yìí."

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀rín yẹn. Irú rẹ̀ ni wọ́n rín lọ́jọ́ tí mo pẹ́ dé ibi ìdána.

Ohun tí wọ́n tà fún wa rèé. Ìrìnàjò mẹ́ta ni iléeṣẹ́ yìí ń tà. Èyí tí mo yàn, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ó dá lórí bí àwọn bàálù ajubọ́ǹbù ńlá ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe fọ́ pápá bàálù àwọn Jámánì ní Họ́láǹdì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì kí àwọn ọmọ ogun tó lọ jà ní Arnhem lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1944. Pọ́n-ùn 48 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dá lórí ìdídò (dáàmù) tí wọ́n fi bọ́ǹbù fọ́ lọ́dún 1943 kò ju 35 lọ. Mo san owó tó wọ́n nítorí Bàbá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ PWD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí títì, tí wọ́n ń la títì, tí wọ́n ń dí kòtò láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ọ̀yọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa fún ìkómọ, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi mi nípa ogun yẹn: bí wọ́n bá fọ́ títì bàálù lónìí, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń tún un ṣe?

Kí ni wọ́n wá fún wa? Ìdídò. Ogójì ìṣẹ́jú lórí bí bọ́ǹbù ṣe ń tọ lórí omi. Ogún ìṣẹ́jú nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ife àti fìlà. Ìwé olówó pọ́ọ́kú ni ọmọbìnrin náà ń kà fún àwa tí a sanwó ńlá. Bàálù ajubọ́ǹbù Lancaster tí wọ́n gbé síbẹ̀ dára, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì mẹ́rin àti èèyàn méje inú rẹ̀, ta ni kò mọ̀ ọ́n?

Mo bọ́ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, mo pe nọ́ńbà tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni wọ́n fi ń kọrin sí mi létí. Ọkùnrin kan gbé e. Mo ro ẹjọ́ mi. Ó ní kí n ka nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ti Arnhem lẹ san." Mo ní ìdí tí mo fi pè gan-an nìyẹn. Ó ní ó wà nínú àdéhùn pé ohun tí wọ́n máa sọ lè yí padà. Mo bi í pé ẹni tó ra ẹran tí wọ́n di pọ̀nmọ́ fún, ṣé ẹran rẹ̀ ló yí padà? (Bí mo ṣe sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì kò dùn tó báyìí.) Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní òun máa fún mi ní kúpọ́ọ̀nù pọ́n-ùn 10. Ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ni mo ti lè ná an. Ọjọ́ yẹn nìkan. Mo sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ra ọjà pọ́n-ùn 25. Mo pa fóònù kí n má bàa ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ.

Mo padà sínú hángà, ilé tí wọ́n gbé bàálù sí, n kò rí Bàbá. Mo wo ilé ìyàgbẹ́ (ó mọ́ o, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn), n kò rí wọn. Obìnrin tó ń ta tíì ló nawọ́ sí ilé páànù kan lẹ́yìn hángà. Ibẹ̀ ni mo ti bá wọn, wọ́n jókòó lórí àpótí, àwọn àti bàbá òyìnbó kan tí aṣọ iṣẹ́ wọn dúdú fún ọ́ìlì. Bàbá òyìnbó yìí kì í ṣe ti iléeṣẹ́ tó gba owó mi. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń wá síbẹ̀ láti tún ẹ́ńjìnnì ṣe, kọ́bọ̀ kan kò sí i. Àwòrán kan tí wọ́n yà láti òkè wà láàárín àwọn méjèèjì, ó fẹ̀ tó tábìlì: pápá bàálù Deelen, lápá àríwá Arnhem. Ihò bọ́ǹbù bò ó bí ojú ẹni tí ilẹ̀ gbígbóná bá jà.

Ohun tí mo gbọ́ bí mo ṣe wọlé ni bàbá òyìnbó tó ń sọ pé, "Ihò kọ́ ni ìṣòro. Ihò ṣeé dí."

Bàbá lu itan wọn pàá. "Ohun tí mo ń sọ nìyẹn!" Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún òyìnbó pé bí èèyàn bá kàn da iyẹ̀pẹ̀ sínú kòtò láì gún un ní ìpele ìpele, òjò kan péré, ó ti jìn, ká má tíì sọ táyà bàálù tó gbé ẹrù. Òyìnbó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Jámánì mọ̀ ọ́n dí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan bàálù lè tún máa gbéra níbẹ̀. Nítorí náà ọjọ́ tí wọ́n lọ fọ́ ọ ṣe pàtàkì tó iye bọ́ǹbù tí wọ́n jù.

Òyìnbó mú pẹ́ńsùlù, wọ́n ń kọ ọ́ sára páálí tíì. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ 1944: bàálù tó lé ní 1,000, ní ọ̀sán gangan, lórí pápá mẹ́sàn-án ní Họ́láǹdì àti Bẹ́ljíọ̀m. Mẹ́ta ni kò padà. Àwọn bàálù Jámánì tó ń jà lóru ni wọ́n wá kiri lọ́jọ́ yẹn, kí àwọn ajubọ́ǹbù lè padà sórí ìlú Jámánì lálẹ́. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án: bàálù 675, pápá mẹ́fà ní gúúsù Họ́láǹdì, Deelen wà lára wọn. Ẹyọ kan ló bọ́. Òru ọjọ́ 16 mọ́ ọjọ́ 17: Lancaster 200 àti Mosquito 23 (bàálù tó kéré sí Lancaster), lórí pápá bàálù Leeuwarden, Steenwijk, Hopsten àti Rheine. Nígbà tí ilẹ̀ wá mọ́, tó jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ọmọ ogun páráṣúùtì gbéra lọ sí Arnhem.

"Ẹ fọ́ ọ lóru, ẹ kọjá láàárọ̀," Bàbá wí. "Kí ẹni tó ń dí i má tíì jí."

Òyìnbó ní àwọn bọ́ǹbù kan tún wà tí kì í bú lójú ẹsẹ̀, wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà ni, kí ẹni tó ń dí ihò má lè sún mọ́ ọn. Bàbá béèrè pé àwọn wo ló ń dí i. Òyìnbó ní àwọn tí Jámánì fi tipátipá kó ṣiṣẹ́ ni, ọ̀pọ̀ wọn ará Họ́láǹdì. Bàbá kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní àwọn náà ti rán lébìrà kan wọ inú kòtò rí, tí bèbè ya lé e lórí. Ọdún méje rèé tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn, n kò gbọ́ ìtàn yẹn rí.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ti ìbọn. Àwọn aláṣẹ bàálù Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń bẹ̀rù ìbọn tí Jámánì fi ń yin bàálù lágbègbè Deelen, ó sì wà lára ohun tó mú kí wọ́n já àwọn ọmọ ogun sílẹ̀ jìnnà sí afárá Arnhem, bíi kìlómítà mẹ́wàá. Bàbá pòṣé. "Ẹ wó ilé tán, ẹ tún ń bẹ̀rù ajá ẹnu ọ̀nà."

Òyìnbó wá béèrè ìlú wa. Nígbà tí wọ́n gbọ́ Nàìjíríà, wọ́n dárúkọ Bankole Vivour, ọmọ Èkó, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ogun inú bàálù tí kò padà láti Nuremberg, ìlú kan ní Jámánì, lóru ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 1944, òru tí bàálù 95 ṣòfò. "Vivour ti Èkó?" Bàbá dìde dúró. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi gba páálí tíì yẹn lọ́wọ́ òyìnbó, wọ́n ní kí wọ́n kọ orúkọ náà sí i fún àwọn.

Aago mẹ́rin lu. Ọmọbìnrin tó ń mú wa káàkiri wá pè wá sínú bọ́ọ̀sì. Dípò kó kígbe, ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fa ìwé yọ, ó ń kọ ohun tí òyìnbó ń sọ. Ó bi Bàbá ní ìbéèrè mẹ́ta lórí gígún iyẹ̀pẹ̀. Ó wá jẹ́wọ́ pé ọ̀sẹ̀ kejì òun lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n fún òun. Gbogbo ohun tí mo ti pè é nínú ọkàn mi, mo kó o padà. Bọ́ọ̀sì fi ìṣẹ́jú márùndínlógójì pẹ́. Dírẹ́bà kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí a fi dé Nottingham, àga mi kò sì ṣeé tì sẹ́yìn.

Mo kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n tó fèsì. Wọ́n ní inú àwọn dùn pé a gbádùn ara wa, wọ́n sì so kúpọ́ọ̀nù pọ́n-ùn 10 mọ́ ọn. Ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ ti kọjá.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Bàbá ní kí n fún wọn ní márààrún. Páálí tíì ti wà nínú àpótí tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sílé, lábẹ́ agbádá, kí ó má bàa ká.