Píló onígẹ̀rẹ́ fún ọmọ tó ń pọ wàrà: mo rà á, mo lò ó, mi ò ní í tẹ́ ọmọ sórí ẹ̀ mọ́

Ẹ̀yin ìyálọ́mọ, ẹ kú ewu ọmọ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ní kí n kọ eléyìí, ọmọ ni ò jẹ́, bí mo bá ti jókòó báyìí ló máa ké. Ṣùgbọ́n lánàá ọ̀rẹ́ mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ pè mí pé ṣé kóun ra píló yẹn, mo ní háà, rárá o, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ gbogbo ẹ̀ síta.

Kọ́ńbò ni wọ́n ń tà á, píló méjì. Ọ̀kan ni onígẹ̀rẹ́, fóòmù tó ga lápá kan tó wá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní kéèyàn máa tẹ́ ọmọ sórí ẹ̀ kí wàrà má baà máa padà wá sókè. Ìkejì rí bí òṣùpá tí ò tíì kún, ìyẹn lèèyàn máa ń fi yí ìbàdí ká tó bá ń fọ́mọ lọ́mú. ₦34,000 ni méjèèjì, dìlífárì láti Èkó wá sí Ìbàdàn ₦3,500 lọ́tọ̀. Ọjọ́ kẹta ló dé, wọ́n dì í dáadáa, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn.

Ohun tó jẹ́ kí n rà á ni pé Àlàbí mi ń bì. Kì í ṣe èyí tó máa ń yọ díẹ̀ létí ẹnu o. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni, tó bá mu ọmú tán báyìí, kí n tó gbé e lé èjìká ó ti dà á sí mi láyà, nígbà míì á gba imú jáde. Á wá máa ké, á na ẹ̀yìn gan-an bí ẹni fẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ mi, á kọ ọmú, tó bá ṣe díẹ̀ á tún máa wá a kiri. Mò ń pààrọ̀ aṣọ tèmi àti tiẹ̀ tó ìgbà 6 lójúmọ́, gbogbo yàrá ń rùn wàrà kíkan. Màmá, ìyá ọkọ mi, ní, "Ìyàwó mi, àbí kó o fún un ní ògì díẹ̀ kó lè dúró nínú ẹ̀?" Wọn ò ní in lérò burúkú, bí wọ́n ṣe tọ́ tiwọn nìyẹn. Ẹlòmíì ní kí n ra gráìpù wọ́tà. Èmi ò fẹ́ fi nǹkan kan sọ́fun ọmọ yàtọ̀ sí ọmú, torí mi ò lè gbàgbé òògùn eyín ọdún 2008 yẹn tó pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà yìí, táwọn ìyá fọwọ́ ara wọn rà, tí wọ́n fọwọ́ ara wọn fún ọmọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ píló wọ̀ mí létí, mo ní píló ṣáà ò lè wọnú ọmọ.

Alẹ́ ọjọ́ kejì tí mò ń lò ó, iná ti lọ, mo tẹ́ ẹ sórí ẹ̀ nínú bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ kékeré, ó sùn, kò bì, inú mi dùn, èmi náà sùn lọ. Bí aago 2 òru mo gbọ́ ìró kan, ó ń hanrun bí ẹni tí imú ẹ̀ dí. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Ọmọ ti yọ̀ wálẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ìdí ẹ̀ ti dé ìsàlẹ̀, orí ẹ̀ ṣì há sókè, àgbọ̀n ẹ̀ wá tẹ̀ mọ́ àyà ẹ̀ pátápátá, ọrùn ẹ̀ ká. Bí mo ṣe gbé e tí àgbọ̀n yẹn kúrò láyà, ó fa èémí gígùn kan, ìró yẹn sì dáwọ́ dúró. Gbogbo ara mi ń gbọ̀n. Àyà mi ló wà títí ilẹ̀ fi mọ́, mi ò padà sùn.

Ọrùn ọmọ tuntun ò tíì lágbára, tó bá ti ká báyẹn kò lè gbé orí ẹ̀ kúrò níbẹ̀ fúnra ẹ̀, ọ̀nà èémí ẹ̀ sì rọ̀, ó lè dí láìsí ariwo kankan. Wọ́n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, torí ní 2019 wọ́n ní kí wọ́n kó irú ibùsùn onígẹ̀rẹ́ kan tó tó mílíọ̀nù 4.7 kúrò nílé àwọn èèyàn nítorí àwọn ọmọ tó kú sínú ẹ̀, nígbà tó di 2022 wọ́n fòfin de èyíkéyìí tó bá dagẹrẹ ju dígírì 10 lọ. Èyí tí mo rà yìí, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ọ̀rá ẹ̀ pé ọmọ á sùn gbádùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Inú ń bí mi tí mo bá rántí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló yẹ kó gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, mo bá gbé píló náà dání lọ sí sẹ́ńtà. Nọ́ọ̀sì àgbà kan wò ó, wọ́n ní, "Mọ́mì, ẹ gbé ìyẹn sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká wọn ọmọ." 3.1kg ni wọ́n bí i, ó ti di 4.7kg. Wọ́n fi bírò tọ́ka sí ìlà inú kádì, wọ́n ní ẹ wò ó bó ṣe ń gòkè, ọmọ tó bá ń bì àmọ́ tó ń sanra, tó ń tọ̀ dáadáa, aṣọ fífọ̀ ló máa pọ̀, kì í ṣe àìsàn. Ìlẹ̀kùn kékeré kan wà lókè ikùn, tọmọ ò tíì gbó, oúnjẹ ẹ̀ sì jẹ́ omi, ìdùbúlẹ̀ ló sì máa ń wà ṣáá, báwo ni ò ṣe ní padà. Ó máa ń le jù ní nǹkan bí oṣù kẹrin, púpọ̀ nínú wọn á ti bọ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún kan. Ògì kẹ̀? Ó di oṣù 6.

Wọ́n wá ní kí n fún un lọ́mú lójú àwọn. Mo tẹ̀ síwájú lé e lórí bí mo ṣe máa ń ṣe, ó sì ń gbé e mì gbì gbì gbì, wàrà ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu jáde, ó ń há a, ó ń gbé afẹ́fẹ́ mì mọ́ ọn. Wọ́n ní wàrà mi ló ń yára jù. Wọ́n ní kí n fẹ̀yìn tì, kí n na ẹsẹ̀, wọ́n gbé e lé mi láyà, ikùn ẹ̀ mọ́ ikùn mi, orí ẹ̀ ga ju ìdí ẹ̀ lọ, kó jẹ́ pé wàrà ló máa gòkè bá a. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fún èyí tó ń tú yàà yẹn sínú aṣọ kó tó gba orí ọmú. Ẹ gbà mí gbọ́, lọ́tẹ̀ yìí mo ń gbọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan: ó fà á, ó gbé e mì, ó mí. Láàárín ọmú méjì ká dúró kó gùfẹ̀, tó bá mu ún tán kí n gbé e nàró bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí páḿpásì má fún un níkùn, kí n máa fún un díẹ̀díẹ̀ àmọ́ léraléra. Kọ́bọ̀ wọn ò gbà.

Mo ní tí mo bá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ ńkọ́, ṣé kò ní há a? Wọ́n ní ẹ̀yìn gan-an ni kó fi lélẹ̀, láìsí píló, torí tó bá wà báyẹn ọ̀nà èémí ló wà lókè, ọ̀nà oúnjẹ ló wà nísàlẹ̀, wàrà tó bá yọjú á ṣàn padà síbi tó ti wá. Ṣùgbọ́n tí èébì bá láwọ̀ ewé, tàbí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀ tàbí nínú ìgbẹ́, tó bá ń ta jáde jìnnà lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ, tí ara ọmọ bá gbóná, tí kò sanra, tí kò tọ̀, ọsibítù lójú ẹsẹ̀ o.

Píló olóṣùpá yẹn, ní tiẹ̀, dára. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí mi, ojú ibẹ̀ ṣì ń dùn mí, píló yẹn ò jẹ́ kí ọmọ tẹ̀ mí níbẹ̀, tí mo bá sì fẹ̀yìn tì, mò ń gbé ìgúnpá lé e. Mo ti fọ aṣọ ẹ̀ tó ìgbà 10, àwọ̀ ẹ̀ ò ṣí. Sípù ẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ tí ojú ọmọ máa kàn, mo ní láti yí i sẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ sùn lórí òun náà o. Ìràwọ̀ 4.

Onígẹ̀rẹ́, ìràwọ̀ 1. Mo ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á, ó ní mọ́mì, ẹ ti lò ó, kò ṣe é dá padà. Mo ní ó dáa, owó lọ, ṣùgbọ́n ẹ bá mi yọ ọ̀rọ̀ oorun yẹn kúrò lára ẹ̀, kò tíì yọ ọ́. Màmá ló ń lò ó báyìí, wọ́n máa ń gbé ẹsẹ̀ lé e tí wọ́n bá tọjà dé. Àlàbí ti wọ oṣù karùn-ún, ó ṣì ń bì ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, á bì tán á rẹ́rìn-ín. Orí àyà mi ló wà bí mo ṣe ń tẹ eléyìí, ó ti gùfẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ku ìṣẹ́jú 10 kí n tó tẹ́ ẹ.