Ìkòkò tíì seramíìkì alásẹ́: àgbéyẹ̀wò ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́

Bí ẹ bá fẹ́ ra ìkòkò tíì, ẹ má tíì wo òdòdó tí wọ́n yà sí i lára. Ẹ ṣí ọmọrí rẹ̀, ẹ yọ asẹ́ inú rẹ̀ síta, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí ọwọ́ asẹ́ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà. Èyí tí mò ń lò gba omi mílílítà 800. Seramíìkì funfun ni, ó ń dán nínú àti lóde. Irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ṣe asẹ́ rẹ̀, ihò rẹ̀ wẹ́, ó fẹ̀, ó sì jìn débi pé ó kù díẹ̀ kó kan ìdí ìkòkò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni, ṣùgbọ́n ó ní àléébù tí mi ò ní fi pamọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí fífẹ̀ asẹ́ fi ṣe pàtàkì. Ewé tíì gbígbẹ máa ń wú bí omi gbígbóná bá ti kàn án. Àwọn asẹ́ kéékèèké roboto tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so, tí wọ́n ń jù sínú ife, kò fún ewé láyè. Ṣe ni ewé á há mọ́ra wọn, omi ò ní ráàyè gba àárín wọn, tíì náà ò sì ní lágbára. Nínú asẹ́ tèmi, bí mo bá bẹjú wò ó, mo máa ń rí ewé tó ká kò tẹ́lẹ̀ tó ń tú díẹ̀díẹ̀, títí etí rẹ̀ á fi hàn, tí àwọ̀ pupa á sì máa gba ihò asẹ́ wọ́ lọ sísàlẹ̀ omi. Tíì tó bá ti ibẹ̀ jáde máa ń ní adùn tí n kì í rí nínú tíì inú àpò.

Ohun kejì ni pé asẹ́ náà ṣeé fà yọ. Bí ewé bá pẹ́ jù nínú omi, tannin, ìyẹn èròjà inú rẹ̀ tó ń mú tíì korò, á máa jáde ṣáá, ẹnu á sì máa gbẹ mọ́ni. Nínú ìkòkò tí kò lásẹ́, ife àkọ́kọ́ á dùn, èkejì á le, ẹ̀kẹta á korò débi téèyàn á fi fajú ro. Ní tèmi, bí àkókò bá ti pé, mo ti fa asẹ́ yọ nìyẹn, màá gbé e sórí àwo pẹlẹbẹ, màá sì dé ìkòkò padà. Ife tó kẹ́yìn kò ní le ju èyí tó ṣáájú lọ. Tíì dúdú ń fẹ́ omi híhó, ìṣẹ́jú 3 sí 5. Tíì aláwọ̀ ewé ò fẹ́ ooru tó tó bẹ́ẹ̀. Omi tó wà láàárín 70 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló bá a lára mu, ìṣẹ́jú 2 sì ti tó o.

Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títọ́ tíì wò ní ìlànà kan, ISO 3103, tí ISO, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún gbogbo ayé, gbé jáde lọ́dún 1980: ewé gíráàmù 2 sí omi mílílítà 100, ìṣẹ́jú 6. Kí wọ́n lè fi tíì kan wé òmíràn ni wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó le jù fún mímu ojoojúmọ́, ìdajì ewé yẹn tó mi. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé seramíìkì funfun tó ń dán ni ìlànà náà ní kí wọ́n lò. Ojú dídán yẹn kì í fa òórùn mọ́ra. Ìkòkò amọ̀ Yixing ti ilẹ̀ Ṣáínà, tí kò ní ohun dídán yẹn lára, máa ń mu adùn tíì sára, ìdí nìyẹn táwọn tó ń lò ó fi máa ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún irú tíì kan. Èmi lè po tíì dúdú láàárọ̀ kí n rẹ ewé míńtì lálẹ́, kò sí èyí tó máa rùn sára èkejì.

Ní ti ooru, seramíìkì tútù á kọ́kọ́ fa ooru kúrò lára omi. Ẹ da omi gbígbóná díẹ̀ sínú ìkòkò, ẹ fi ṣan inú rẹ̀ yípo, ẹ dà á nù, kí ẹ tó po tíì. Èyí tún ń dáàbò bò ó, nítorí omi híhó tó bá já lu ìkòkò tútù nini lójijì lè mú kó sán. Ẹ má gbé e ka iná o. Kì í ṣe fìlásíìkì náà, nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ kí tíì yín gbóná fún wákàtí púpọ̀, ẹ wá nǹkan mìíràn.

Àléébù tó ń bí mi nínú jù ni ẹnu rẹ̀. Bí mo bá rọra tú u, tíì á ṣàn gba abẹ́ ẹnu náà wálẹ̀, á sì kán sórí tábìlì. Kí a tú u gìrìgìrì, kí a sì tètè gbé ẹnu rẹ̀ sókè, ló ń dín in kù. Lẹ́yìn náà, orí etí asẹ́ ni ọmọrí jókòó lé. Bí asẹ́ bá ti kúrò, ọmọrí á máa mì, ó sì di dandan kí n fi ìka dì í mú nígbà tí mo bá ń tú tíì, bẹ́ẹ̀ ló gbóná. Ewé tó bá kúnná gan-an, bíi rooibos, ewé pupa kan láti South Africa tí wọ́n ń rẹ mu bíi tíì, máa ń yọ́ gba ihò asẹ́, ẹ ó sì rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ ife.

Fífọ̀ rẹ̀ ò le. Asẹ́ ló máa ń dúdú. Omi gbígbóná àti baking soda ni mo fi ń rẹ ẹ́, búrọ́ọ̀ṣì á sì parí ìyókù. Ẹ má fi kànrìnkàn onírin ha inú ìkòkò.

Ẹni tó bá ń dá mu ife kan ṣoṣo kò nílò èyí tó tóbi tó báyìí. Bí omi ò bá pọ̀ nínú rẹ̀, ìdí asẹ́ nìkan ló máa kàn án, ewé tó wà lókè á sì wà ní gbígbẹ. Èyí tó gba mílílítà 400 ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rà, kó sì rí i pé asẹ́ tirẹ̀ náà jìn dé ìsàlẹ̀.