Pọ́ǹpù ọkọ̀ ojú omi nínú àpótí iyùn mi: ohun tí ojú mi rí láàárín oṣù mẹ́sàn-án

Iyùn tí púpọ̀ wa mọ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá ni èyí tó máa ń wà lọ́rùn ọba àti ìjòyè lọ́jọ́ ọdún. Iyùn tèmi wà láàyè, ẹ̀dá inú òkun ni. Inú àpótí gíláàsì tó gba 200 lítà omi iyọ̀ ló ń gbé, ní pálọ̀ mi ní Ìbarà, òun àti ẹja kékeré méjì, edé kan àti ìgbín omi mẹ́rin. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń tọ́jú wọn. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ló gbé mi dé ìdí pọ́ǹpù ọkọ̀ ojú omi.

Iyùn kì í rìn. Ibi tó bá lẹ̀ mọ́ lára òkúta, ibẹ̀ náà ni yóò wà. Omi ló gbọ́dọ̀ gbé afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ wá bá a, omi náà ni yóò sì fọ ìdọ̀tí ara rẹ̀ lọ. Bí omi bá dákẹ́ sójú kan, èémí á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n gbogbo ohun tó wà nínú àpótí, pàápàá lóru. Ohun tí àwa tó ń sin iyùn ń lé ni pé kí pọ́ǹpù yí omi àpótí ní ìlọ́po ogún, ó kéré tán, láàárín wákàtí kan. Fún àpótí tèmi, ìyẹn jẹ́ 4,000 lítà.

Lóṣù kẹta ọdún tó kọjá, wọ́n mú iná lọ fún ọjọ́ méjì gbáko. Ínfátà ilé gbìyànjú dé nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ó kú. Nígbà tí mo yọjú sí pálọ̀, àwọn ẹja ti wà lókè téńté, wọ́n ń la ẹnu, iyùn mi tó rí bí olú sì ti dorí kodò. Èmi àti ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ife bu omi, à ń dà á padà láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Bí òun bá sinmi, èmi á gbà á. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí ilẹ̀ fi mọ́ tí mo rí epo rà sí jẹnẹrétọ̀. Mi ò fẹ́ irú òru bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi.

Àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó ló sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín wá pọ́ǹpù tí a fi ń gbọ́n omi kúrò nísàlẹ̀ ọkọ̀. Bátìrì ló ń lò, kò ní í ṣe pẹ̀lú NEPA." Ó ra méjì ránṣẹ́ sí mi, 12V, tí wọ́n kọ 500 sí lára. 500 yẹn, gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà ni láàárín wákàtí kan, ìyẹn nǹkan bí 1,900 lítà. Owó méjèèjì kò tó ìdajì owó wavemaker gidi kan, ìyẹn pọ́ǹpù àpótí ẹja tó ń mú omi lọ bọ̀ bí ìgbì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ín, nítorí ìyìn náà tọ́ sí i. Mo so ọ̀kan mọ́ bátìrì 100Ah tí mo ń lò fún sólà, oníṣẹ́ iná kan ní Pánṣẹ́kẹ́ sì bá mi fi fíúsì sójú wáyà rẹ̀. Bíi 2A ló ń jẹ. Ẹni tí kò bá fẹ́ tètè ba bátìrì olómi jẹ́ kò gbọ́dọ̀ lò ó kọjá ìdajì, ìdajì ọ̀hún sì tó pọ́ǹpù yìí lò fún wákàtí 25. Kò sí ínfátà láàárín, nítorí náà kò sí iná kankan tó ń ṣòfò níbi tí a ti ń sọ iná bátìrì (DC) di iná ilé (AC). Nígbà tí wọ́n tún mú iná lọ, mo sùn di òwúrọ̀. Ẹni tó bá ti fi ife bu omi rí lóru ló mọ ohun tí oorun yẹn jẹ́.

Ibi tí mo ti ṣìṣe ni pé mo rò pé ohun tó gba ni lóru ọjọ́ kan yóò ṣeé lò lójoojúmọ́. Mo yọ pọ́ǹpù àtijọ́ kúrò, mo sì jẹ́ kí àwọn méjì yìí máa yí omi tọ̀sán-tòru.

Wọ́n ṣe pọ́ǹpù yìí láti ti omi gba inú rọ́bà jáde nínú ọkọ̀ ni. Omi rẹ̀ ń jáde ṣóńṣó, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka dí ẹnu rọ́bà. Omi tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ìgbì ni iyùn fẹ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ara iyùn tó dojú kọ ọ́ ti ń bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ra páìpù PVC, mo lu ihò méjìlá sí i, mo fi í sẹ́nu pọ́ǹpù kí omi lè fọ́n káàkiri. Ó rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ já. Iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ibi tí kò sí rọ́bà, tí omi kò gun òkè kankan, ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Mo gbé garawa 20 lítà sábẹ́ rẹ̀, mo wo aago: ìṣẹ́jú àáyá 55 ló fi kún. Ìyẹn ò ju 1,300 lítà ní wákàtí kan lọ. Méjèèjì pa pọ̀ kò dé 4,000 tí mo ń wá.

Ooru ló tún tẹ̀ lé e. Pọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan ń jẹ bíi 24W, inú omi ló sì jókòó sí, nítorí náà inú omi ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí gẹ́gẹ́ bí ooru. Ní Abẹ́òkúta tí oòrùn ń pa àpáta tí àpáta sì ń dá a padà, ẹ kò nílò ohun mìíràn tí yóò máa se omi yín. Àpótí mi kúrò ní 27 dígírì, ó dé 30 lọ́sàn-án, àwọ̀ iyùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Mo gbé fáànù kékeré lé e lórí, ó rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n fáànù ń fa omi lọ, mo sì ní láti máa da omi tí kò níyọ̀ sí i láràárọ̀ kí iyọ̀ má baà ki jù. Wavemaker tí mo ń lò nísinsìnyí ń jẹ 5W péré, omi tó ń tì sì ju ti àwọn méjèèjì pa pọ̀ lọ, nítorí abẹ̀bẹ̀ gbòòrò ló fi ń tì í, kì í fún un gba ojú tóóró.

Èyí tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ keje. Àwọn àgbà ní agbọ́nmi ní í wólé ẹja, ojú mi sì rí i. Ohùn ọ̀kan nínú àwọn pọ́ǹpù náà yí padà, ó ń han gooro. Lọ́jọ́ kejì, edé mi ti kú. Àwọn ìgbín jábọ́ lára gíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta nínú mẹ́rin kò dìde mọ́, gbogbo iyùn sì pa ojú dé. Nígbà tí mo tú pọ́ǹpù náà, omi iyọ̀ ti wọ inú mọ́tò. Káábọ̀nù inú rẹ̀ ti jẹ tán, gbogbo rẹ̀ dúdú, ìpẹtà aláwọ̀ ewé tí bàbà máa ń yọ sì ti bo wáyà.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti yé. Iṣẹ́ pọ́ǹpù yìí nínú ọkọ̀ ni kí ó gbọ́n omi fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì sinmi. Èmi lò ó fún wákàtí tó lé ní 1,100 láìdá a dúró. Irin tó ń yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ gba inú rọ́bà kékeré kan wọlé sínú mọ́tò, rọ́bà yẹn nìkan ló sì dá omi dúró. Bó bá ti jẹ, inú mọ́tò àti inú àpótí yín ti di ọ̀kan. Pọ́ǹpù tí wọ́n ṣe fún àpótí ẹja kò rí bẹ́ẹ̀: wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù di wáyà rẹ̀ pa, òòfà ló ń yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ láti òdìkejì, kò sí ojú ihò tí omi lè gbà. Bàbà díẹ̀ làwọn kan fi ń wo àrùn ẹja omi iyọ̀ nínú àpótí ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n májèlé ni fún iyùn, edé àti ìgbín. Mo pààrọ̀ ìdajì omi lọ́jọ́ náà, mo tún pààrọ̀ ìdajì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, mo kó èédú tuntun sínú asẹ́ omi. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí àwọn iyùn tó tún ṣí. Ọ̀kan kò ṣí mọ́.

Pọ́ǹpù kejì ṣì wà lọ́dọ̀ mi, mi ò sì ní jù ú nù. Òun ni mo fi ń po iyọ̀. Omi tí mo ń rà nílé iṣẹ́ píọ̀wọ́tà ni mo ń lò: 40 lítà nínú dúrọ́ọ̀mù, iyọ̀ kílò 1.4, mo ju pọ́ǹpù sí i, ó sì ń pò ó ju ọwọ́ èèyàn lọ. Bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ omi, ìṣẹ́jú méjì ló fi ń gbé 40 lítà jáde. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o. Nígbà àkọ́kọ́, mo pa á, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi ń lọ síbẹ̀síbẹ̀, nítorí pé ẹnu rọ́bà wà nísàlẹ̀ ju àpótí lọ, kò sì sí ohun tó ń dí omi nínú pọ́ǹpù náà. Kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ rẹ gbindin. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń gbé ẹnu rọ́bà sókè ju ojú omi àpótí lọ kí n tó pa á.

Bí wọ́n bá mú iná lọ tí wavemaker sì dákẹ́, mo ń gbé pọ́ǹpù yìí sínú àpótí, mo so páìpù oníhò mọ́ ọn, mo tún ń yọ ọ́ kúrò ní kété tí iná bá dé, mo sì fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án kó tó gbẹ. Kò tíì ju wákàtí mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á fún irú iṣẹ́ yìí, kan ṣoṣo tó. Kí ó jẹ́ oníwáyà méjì lásán, kì í ṣe èyí tó ń dá ara rẹ̀ tàn tó ń dá ara rẹ̀ pa, nítorí irú ìyẹn ń wá omi nísàlẹ̀ ọkọ̀ ni, yóò máa tàn nígbà tó bá wù ú. Kí fíúsì sì wà nítòsí bátìrì, kó má jẹ́ ẹ̀gbẹ́ omi.