Ẹ Fi Ẹsẹ̀ Gun Òkè Olúmọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Olúmọ l'Abẹ́òkúta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ gùn ún. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè síbẹ̀, ó sì dára fẹ́ni tí orúnkún ń dùn, àmọ́ ẹni tó bá gbabẹ̀ lọ tààrà á fo ibi tó dùn jù.

Ibẹ̀ ni ihò àpáta táwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun, nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn débẹ̀ ní 1830. Àjà ihò náà rẹlẹ̀, èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó wọlé. Kòtò róbótó-róbótó wà lára òkúta nílẹ̀, ibẹ̀ làwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan. Mo ki ọwọ́ bọ ọ̀kan. Inú rẹ̀ jọ̀lọ̀ bí ọlọ ìyá àgbà. Ogun ń bẹ níta, ẹnì kan sì jókòó síbẹ̀, ó ń lọ ohun tọ́mọ máa jẹ! Mi ò tètè dìde.

Màmá mi, ẹni ọdún 68, ni a jọ lọ. Níbi tí àpáta méjì ti fún mọ́ra, ẹ̀gbẹ́ la fi kọjá. Ẹ̀gbọ́n tó mú wa káàkiri ń sọ pé, "Ẹ rọra o, Màmá." Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ má gùn ún, òkúta náà á máa yọ̀. Ẹ sì lọ láàárọ̀, torí bóòrùn bá mú, ẹ ò ní lè fọwọ́ ti àpáta.

Mítà 137 péré ni orí rẹ̀ fi ga ju ojú òkun lọ, síbẹ̀ kò sóhun tó dí ojú wa. Páànù tó ti dípẹtà ló tẹ́ lọ rẹrẹ, àwọ̀ wọn bí ilẹ̀ pupa. A rí ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké, a rí mọ́sálásí, odò Ògùn náà ń dán lọ́ọ̀ọ́kán.

Màmá ń wá ilé tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ àdìrẹ ní Ìtókú. Wọ́n fọwọ́ bojú nítorí oòrùn, wọ́n ń tọ òrùlé kọ̀ọ̀kan. Mo ní ká máa sọ̀ kalẹ̀.

"Dúró ná," ni wọ́n wí. "Mo ti rí ọjà. Ilé ọ̀hún ò lè jìnnà síbẹ̀."