Abọ́ amọ̀ tó ń dán: aláwọ̀ ewé ni kí ẹ rà ni, àbí aláwọ̀ aró?

Yálà ọwọ́ àwọn tó kọ́ iṣẹ́ amọ̀ ní FUTA lẹ ti fẹ́ ra abọ́ yín ni o, tàbí orí àtẹ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, àwọ̀ lojú máa kọ́kọ́ rí. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bèèrè ni ohun tí wọ́n pò mọ́ gíléèsì, ìyẹn oje tó ń yọ́ nínú iná, tó wá ń dì bíi dígí sára amọ̀. Ìkòkò omi àwọn ìyá wa kọ́ ni mò ń wí o, ìyẹn kì í ní gíléèsì. Abọ́ tí wọ́n sun níwọ̀n 1000 sí 1100 digíríì ni ọ̀rọ̀ kàn.

Àwọ̀ ewé, bàbà ló ń mú un wá. Bàbà yìí kan náà, bí sódà bá pọ̀ nínú gíléèsì, á di búlúù bí ojú ọ̀run. Bó bá jẹ́ òjé, ìyẹn lead, tàbí borax ni wọ́n fi mú gíléèsì yọ́, ewé ni yóò jẹ́. Torí náà, búlúù tó fẹ́ jọ ewé, ẹ má pè é ní cobalt, ohun àlùmọ́ọ́nì mìíràn tó ń mú búlúù wá, kíákíá. Wàhálà bàbà ni pé nǹkan kíkan máa ń fà á jáde: omi ògì, sobo, ọbẹ̀ tòmátì. Bí òjé bá tún wà níbẹ̀, bàbà á jẹ́ kí òjé máa tú jáde sí i, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀ inú abọ́ náà, níbi tí gíléèsì ṣàn jọ sí. Bó bá dúdú, tó ń kọ mànà bí irin, bàbà ti pọ̀ jù. Òdòdó lèmi máa fi sínú irú ẹ̀, ó sì máa ń bá a mu gan-an.

Búlúù tó ki bí aró, cobalt ni. Ó wọ́n, torí àwọn tó ń ṣe bátìrì náà ń dù ú, Kóńgò ló sì ń pèsè èyí tó pọ̀ jù láyé. Àmọ́ ìwọ̀n 1 nínú 100, kódà ìdajì ẹ̀, ti tó láti kun abọ́. Kì í yí padà bí bàbà. Àmọ́ magnesium lè fà á sí elése àlùkò. Bí mo bá fẹ́ jẹun nínú abọ́, èyí ni mo máa mú ṣáájú aláwọ̀ ewé.

Àwọ̀ oyin àti búráùn, irin tó dógùn-ún ni. Kò wọ́n, kò lóró. Ṣùgbọ́n òjé ló sábà máa ń wà nínú àwọ̀ oyin tó ń dán gbinrin láyé àtijọ́, ẹ bèèrè.

Pupa fòò, cadmium, ohun olóró kan, ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ fi ṣọ̀ṣọ́.

Funfun pín sí méjì. Tánńganran, ìyẹn tin tí wọ́n ń wà ní Jọ́ọ̀sì, 5 sí 10 nínú 100 ló ń bo amọ̀ mọ́lẹ̀, funfun ẹ̀ sì rọ̀ lójú. Zircon dínwó, ó ń fẹ́ kó pọ̀ díẹ̀ sí i, funfun ẹ̀ sì le. Fún àwo lásán, zircon tó.

Ẹ yí ìdí abọ́ sókè wò pẹ̀lú, níbi tí gíléèsì kò dé. Búlúù kan náà tó mọ́ lórí amọ̀ funfun, á ṣú lórí amọ̀ pupa. Bí ẹ bá sì rí ìlà wẹ́wẹ́ tó sán káàkiri gíléèsì náà, epo ọbẹ̀ á máa wọ inú amọ̀ lọ.

Nílé, ẹ da fínígà sínú abọ́ náà di ọjọ́ kejì. Bí àwọ̀ ibẹ̀ bá ṣí tàbí tó yí, kò ṣeé jẹun. Fínígà kò ní fi òjé hàn yín ṣá o. Ẹni tó po gíléèsì ló mọ̀. Ẹ bi í bóyá borax ni àbí òjé, bó bá ń ta kókó lẹ́nu, ẹ dá abọ́ náà padà sórí àtẹ.