Bàlúùnù lásán àbí stent olóògùn?

Ẹ̀yin ará wa ní Kubwa, Nyanya àti Gwagwalada, bí dókítà bá ní òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn bàbá yín ti ń dí, ẹ lè gbọ́ orúkọ nǹkan méjì yìí tí wọ́n fi ń ṣí i: bàlúùnù kékeré tí wọ́n ń fẹ́ nínú òpó, àti stent, àwọ̀n irin tí wọ́n ń fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Bàlúùnù ló kọ́kọ́ dé. Dókítà Andreas Grüntzig fi ṣí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn ní Zurich lọ́dún 1977. Kì í fi irin sílẹ̀ nínú ara, mo sì fẹ́ràn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ni fífẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ ẹ nínú òpó, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ wà. Sẹ́ẹ̀lì iṣan tó wà lára ògiri òpó kún fún actin àti myosin, àwọn purotéènì tó ń jẹ́ kó lè súnkì kó sì dẹ̀. Bí ọgbẹ́ bá dé, sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí á dín purotéènì náà kù, wọ́n á pa iṣẹ́ wọn tì, wọ́n á máa pọ̀ sí i, wọ́n á sì kó àpá jọ sínú òpó. Bíi ẹnì kan nínú mẹ́ta ni ọ̀nà tún máa ń há fún láàárín oṣù mẹ́fà.

Stent ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí òpó súnkì padà. Oògùn ara rẹ̀, bíi sirolimus tí wọ́n rí lára kòkòrò àìfojúrí inú erùpẹ̀ erékùṣù Easter Island, ló ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró. Fún ọ̀pọ̀ òpó ọkàn, òun ni mo fara mọ́. Ẹ ṣáà wá owó aspirin àti clopidogrel sílẹ̀, àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹ má dá wọn dúró láìsọ fún dókítà, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú irin náà.