Kíláàsì Sípáníìṣì tí mo ṣe ní Houston: àwọn tó gbọ́ ọ nílé àtàwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ

Nọ́ọ̀sì ni mí, àwọn aláìsàn tó ń sọ Sípáníìṣì pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Houston níbí, ìyẹn ló gbé mi lọ sí kíláàsì alẹ́ ní community college kan. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa kó àwa tá ò gbọ́ nǹkan kan pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ Mẹ́síkò àti El Salvador tí wọ́n bí sí Texas, tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá wọn láti kékeré.

Sáà àkọ́kọ́ ò dáa rárá. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń fún gbogbo wa, tí tíṣà bá béèrè nǹkan, kí n tó rò ó tán àwọn yẹn ti dáhùn. Ṣùgbọ́n àwọn náà ń jìyà o! Ọmọkùnrin tó jókòó tì mí ń sọ ọ́ wàràwàrà, àmọ́ "aser" ló ń kọ fún "hacer" (ìyẹn "ṣe"), torí h yẹn kì í dún lẹ́nu, b àti v náà ò yàtọ̀ sétí ẹ̀, báírò pupa wá kún ìwé ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ níléèwé látilẹ̀, ta ló fẹ́ kọ́ ọ ní sípẹ́lì Sípáníìṣì? Inú bí mi fún un gan-an, torí ọmọ tèmi náà ń gbọ́ Yorùbá nílé, kò lè kọ ọ́.

Tíṣà míì ló gbà wá ní sáà kejì, obìnrin yẹn mọṣẹ́. Ó ń pín wa ní méjì-méjì, ẹni tó gbọ́ ọ nílé pẹ̀lú ẹni tó ń kọ́ ọ, ohun tó wà nínú bébà mi ò sí nínú ti ẹnì kejì mi, àfi ká bá ara wa sọ̀rọ̀ kíṣẹ́ tó lè parí. Ó ní ká kọ bí aláìsàn ṣe máa lo oògùn tó bá délé. Ọmọkùnrin yẹn ló ní usted (bí "ẹ" tiwa) la máa fi bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀, kì í ṣe tú (bí "o"), òun ló tún gbólóhùn mi ṣe tó fi dùn létí, èmi ni mo fi àmì sórí lẹ́tà torí mo ti há òfin ẹ̀ sórí.

Ìdánwò nìkan ló ṣì kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n ń ní kí àwọn tó gbọ́ ọ nílé dárúkọ subjunctive, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ ìṣe ṣe máa ń yí padà téèyàn bá ń sọ ohun tó fẹ́ tàbí ohun tí kò dá a lójú, nǹkan tí wọ́n ń lò dáadáa lójoojúmọ́, tí wọn ò bá sì mọ orúkọ ẹ̀, wọ́n ń gba máàkì lọ́wọ́ wọn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ níbikíbi, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń fún gbogbo èèyàn. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má sanwó. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà tó ya kíláàsì àwọn tó gbọ́ ọ nílé sọ́tọ̀, àmọ́ tíṣà bíi tiwa yìí, èmi ṣì máa yan kíláàsì àpapọ̀ ẹ̀.